Wọ́n Dè É Lẹ́nu Kí Òjò Tó Dé

Ẹni tó pa alángbá náà mọ abẹ́rẹ́ lò dáadáa. Òwú dúdú ni ó fi rán an lẹ́nu pa, ó rán an lọ, ó rán an bọ̀, bí ìgbà tí télọ̀ bá ń ká etí ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ́ ẹ sí ẹnu ọ̀nà Souradjou ní Manigri, tí ó kọ orí rẹ̀ sí inú ilé.

Souradjou dúró lé e lórí pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Oòrùn ti yọ. Àwọn obìnrin ń kọjá lọ sí oko kájú, agbọ̀n lórí, wọ́n ń kí i, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó wo ilẹ̀. Ó fi imú bàtà ta alángbá náà sínú koríko, ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti kàwé dé yunifásítì, ó yẹ kó lè fi alángbá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ tu ọṣẹ ẹnu rẹ̀ dànù, ètè rẹ̀ kò là. Ìka ni ó fi yà wọ́n.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò wọ́pọ̀ ní Bassila àti agbègbè rẹ̀. Awọ ilé ni ó ń yẹ̀ wò: òrùlé, ògiri ìta, fèrèsé, gbogbo ibi tí omi lè gbà wọlé. Bí wọ́n bá kọ́lé tán, wọn á pè é, á wò ó, á tọwọ́ bọ̀wé pé òjò kò ní wọ ibẹ̀. Bí òjò bá wá wọ ibẹ̀, ọrùn ẹni tó tọwọ́ bọ̀wé ni. Nítorí náà ni ó ṣe ní asiransi, ilé-iṣẹ́ tó ń bá a gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní asiransi, kò sí ẹni tí yóò fún un ní ilé yẹ̀ wò. Ènìyàn méjì péré ló ń du iṣẹ́ náà: òun, àti Al-Amin tó ń gbé Bassila, ọkùnrin kan tó máa ń wọ bàtà funfun lọ síbi tí wọ́n ti ń po símẹ́ǹtì.

Nígbà ọyẹ́ ni Souradjou tọwọ́ bọ̀wé sí àká tuntun tí àwọn obìnrin Manigri ń kó kájú sí. Kò gun òrùlé rẹ̀. Ó dúró nísàlẹ̀, ó na ọrùn, ó ní ó dára. Àkàbà ń bà á lẹ́rù, ó sì gbà pé ìwé ẹ̀rí òun ti gbé òun ga tó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ alángbá yẹn, Lamatou ránṣẹ́ pè é. Lamatou ni olórí àwọn obìnrin kájú náà, àbúrò ìyá Souradjou sì ni. Inú àká náà ṣókùnkùn, ó gbóná, àpò kún un dé abẹ́ àjà. Gbogbo ohun tí àwọn obìnrin náà kó lóko lọ́dún yẹn ló wà níbẹ̀. Àwọn tó bá Lamatou wá ti fún ara wọn mọ́ ògiri.

"Wo ìyẹn," ni Lamatou wí.

Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan dùbúlẹ̀ lórí àwọn àpò, ó gùn bí okùn, ó funfun bí eegun.

"Ó ti ń rìn láti àárọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń gun àpò wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yan èyí tó fẹ́ jẹ. Kí ni, Souradjou?"

Ó mọ ohun tó jẹ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà wọlé, omi á gbà á wọlé. Páànù kò bo ara wọn dáadáa lókè. Ó la ẹnu láti sọ ọ́.

"Kò sí nǹkan, Tántí," ni ẹnu rẹ̀ wí.

Kì í ṣe ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn. Ó tún gbìyànjú. Ahọ́n rẹ̀ wúwo, òórùn òwú tó jóná sì kún imú rẹ̀.

"Lórí àká yìí," ni ó bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì pa dé bí ilẹ̀kùn tí ẹnìkan tì láti inú.

"Lórí àká yìí, kí ni?" Lamatou sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn èémí rẹ̀. "Ṣé o ti ń mutí ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó sá jáde sábẹ́ igi kájú kan, ó pe Bassirath, obìnrin tó ń ṣojú asiransi ní Bassila. Òfin ibẹ̀ kò ṣòro. Bí o bá ṣe àṣìṣe, asiransi á san án fún ẹni tó jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ti rí àṣìṣe náà, tí o sì dákẹ́ títí òjò fi rọ̀, wọn kò ní san fàráńkì kan. Kó sọ ọ́ kí òjò tó dé, àwọn obìnrin á rí owó kájú wọn gbà. Kó sọ ọ́ lẹ́yìn òjò, iṣẹ́ ọdún kan á jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́, gbogbo Manigri á sì mọ orúkọ ẹni tó jẹ́ kó jẹrà.

"Alóò? Mìsíé Souradjou?"

"Ẹ kú ọ̀sán, Màdámù." Ìyẹn jáde. "Àwọn ará ilé ńkọ́?" Ìyẹn náà jáde. "Àk..."

"Mò ń gbọ́ èémí yín. Ṣé ẹ ń sáré ni?"

Ó fi ọwọ́ di igi mú. Itọ́ ń kán sí àgbọ̀n rẹ̀.

"Mìsíé, mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ máa wá kí mi lọ́jọ́ Jímọ̀." Bassirath pa fóònù.

Nígbà náà ni Souradjou rántí alángbá. Ó padà sílé, ó wá a nínú koríko. Òwú nìkan ni ó bá, ó wà ní kíká, kò sí ẹran kankan nínú rẹ̀.

*

Al-Amin ni ó ra ẹnu náà. Ní Alédjo ni ó ti rà á, lọ́wọ́ Yáyà, ọkùnrin tó ń ta oògùn lábẹ́ àpáta kan tí oòrùn kì í dé.

Lọ́jọ́ tó lọ, Yáyà jókòó lórí táyà ọkọ̀, rédíò rẹ̀ ń ka iye tí wọ́n ń ra kájú. Kò pa á.

"Kí ni kí n dè?"

"Ẹnu Souradjou ti Manigri."

"Ẹnu nìkan?" Yáyà wo bàtà funfun rẹ̀. "Àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe máa ń mú ọwọ́ mọ́ ọn. Òbúkọ kan fún ẹnu, òbúkọ kan fún ọwọ́."

"Bàbá, kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Ọ̀rọ̀ ni mi ò fẹ́ kó sọ. Bí kò bá rí i sọ kí òjò tó dé, asiransi á lé e, gbogbo ilé tó wà láti ibí dé Manigri á di tèmi."

"O ò fẹ́ kí n fọ́ òrùlé náà fún ọ?"

"Mo ti bójú tó ìyẹn. Mo bá ẹni tó kan páànù sọ̀rọ̀. Ó yí etí páànù kọjú sí ìlà-oòrùn." Al-Amin rẹ́rìn-ín. "Ibẹ̀ ni ìjì wa ti ń wá. Á ki ìka bọ abẹ́ rẹ̀, á ṣí i bí aṣọ. Souradjou kò sì ní gòkè lọ wò ó láé. Ọkùnrin tó ń wo òrùlé láti abẹ́ igi, bí ewúrẹ́!"

"O gbọ́n," ni Yáyà wí, bí ẹni tó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. "Àwọn ọlọ́gbọ́n bí tìẹ ló ń bọ́ èmi àti àwọn ọmọ mi. Kí ni orúkọ ìyá rẹ̀?"

Al-Amin dárúkọ rẹ̀. Inú agolo ni alángbá wà, ó ṣì ń mí. Nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, Al-Amin wo apá ibòmíràn. Rédíò dákẹ́ lójijì, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

"Òbúkọ kan ṣoṣo ni o," ni Al-Amin wí nígbà tó ń dìde.

"Òbúkọ kan," ni Yáyà dáhùn. "Ìwọ lo mọ ohun tí o rà."

*

Souradjou gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí Pénéssoulou, sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí ń jẹ́ Rissikatou. Ó bá a nídìí ìkòkò òrí, ó ń rò ó. Ìyá náà kò kí i. Ó mú iná ìléwọ́, ó tan án sí i lẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́ lórí sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin.

"Òwú télọ̀!" ni ó kígbe. "Yáyà ni. Ọmọkùnrin yẹn kò nítìjú. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tó ń jí adìyẹ. Sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ."

"Àk..."

"Hẹn-ẹ́n. Iṣẹ́ burúkú ni, ṣùgbọ́n ó mọ́."

"Ẹ tú u fún mi, Ìyá."

"Mi ò lè tú u. Bí mo bá fa okùn ẹlòmíràn, ahọ́n rẹ á bá a wá. Mo lè jẹ́ kó rìn lọ."

Ó gé egbò igi dúdú kan fún un jẹ. Ó korò débi pé omi bọ́ lójú Souradjou. Ìyá náà mú un lápá lọ sójú títì, ó kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀nà Bassila, ó ní kó tu ú. Itọ́ náà dúdú bí epo mọ́tò. Afẹ́fẹ́ kékeré kan dìde lórí rẹ̀, ó yí lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú eruku, ó sì bá ọ̀nà Bassila lọ. Rissikatou wò ó títí tó fi ṣẹ́ kọ́nà, bí ẹni tó ń sin àlejò.

"Títí òjò àkọ́kọ́ á fi dá," ni ó wí, "má fi ẹnu rẹ sọ ọ̀rọ̀ àká náà fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá fi tipátipá sọ ọ́, o ò ní sọ nǹkan mìíràn mọ́ láyé."

"Ìyá! Kí òjò tó dé ni mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́!"

"Èwo ló kàn mí níbẹ̀? Ẹnu rẹ ti là láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ. Kí lo fi ṣe kí wọ́n tó rán an?" Ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. "Òrí mi ń jóná."

Báyìí ni ọ̀mọ̀wé náà ṣe lọ wá ìtúsílẹ̀, tí ó gba ìdè kejì lórí ẹnu kan náà, tí ó tún dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

*

Ní Bassila, ara Al-Amin ń yá gágá. Ooru mú, ojú ọ̀run ń wúwo sí i lójoojúmọ́, ó sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọbẹ̀ tó fẹ́ jinná. Ó yà sí bùró tí Bassirath ti ń ṣiṣẹ́. Ó bá a tó ń jẹ iṣu pẹ̀lú wàrà wàgáṣì.

"Màdámù, ṣé ẹnìkejì mi Souradjou ti bá yín sọ̀rọ̀ láìpẹ́ yìí?"

"Ó pè mí, ó kí mi, ó kí àwọn ará ilé mi, ó mí sí mi létí, ó sì dákẹ́. Kí ló ṣe é?"

"Kò sí o. Mo kàn ń béèrè ni."

"Ẹ̀yin ọkùnrin méjèèjì yìí." Bassirath bu iṣu sẹ́nu. "Àfi bí ẹni tó ń fẹ́ obìnrin kan náà."

Al-Amin rẹ́rìn-ín jáde. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sọ fún ọkùnrin kan tó ń ta esáńsì ọkọ̀ nínú ìgò pé bàtà òun fún òun lẹ́sẹ̀, pé ìwọ̀n ẹsẹ̀ òun kọ́ ni òun rà, pé nítorí owó rẹ̀ pọ́ọ́kú ni. Ọkùnrin náà kò bi í léèrè. Al-Amin fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí tí òun fi sọ ọ́. Ahọ́n ń yún un. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ohun dúdú kan sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

*

Ìjì náà yọ lọ́sàn-án, láti ìlà-oòrùn, ó dúdú nísàlẹ̀, ó pupa lókè. Àwọn ẹyẹ ti kúrò lórí igi kájú kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Eruku dìde lójú títì Manigri, Lamatou àti àwọn obìnrin sì sáré dé àká. Wọ́n bá Souradjou lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó dúró bí òpó.

"Sọ̀rọ̀!" Lamatou gbá a láyà. "Ìwọ lo tọwọ́ bọ̀wé. Ṣé omi á wọlé àbí kò ní wọlé?"

Ètè rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Ó gbé ọwọ́, ó nà án sí òrùlé, sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà, ó sì fì í wálẹ̀ sórí àwọn àpò.

"Yé!" ni obìnrin kan wí. "Ó ní omi á wọlé."

Wọ́n kọjá lára rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àpò. Souradjou ṣì na ọwọ́ rẹ̀. Ó ń wò ó. Kò wúwo. Ohunkóhun kò dì í mú. Ẹnu ni Yáyà rán. Ẹnu ni Rissikatou kà léèwọ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ ọwọ́.

Fóònù ti wà lápò rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó ti fi kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ti fi béèrè iye iṣu. Kò wá sí i lọ́kàn láti fi kọ èyí, nítorí ọ̀rọ̀ ńlá, ẹnu ni wọ́n fi ń jẹ́ ẹ níbẹ̀, pẹ̀lú ìkíni níwájú àti ìkíni lẹ́yìn. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ ọ, báyìí náà ni wọ́n ṣe tọ́ Al-Amin. Bẹ́ẹ̀ sì ni asiransi kò ka ohun tí a fi ẹnu sọ sí rárá. Ohun tí a bá kọ nìkan ni wọ́n ń gbà. Ó wà nínú àdéhùn tí àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì tọwọ́ bọ̀ láìkà á.

Ó kọ ọ́: "Màdámù Bassirath, òrùlé àká kájú Manigri kò dára. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, omi á wọlé. Èmi Souradjou ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, àṣìṣe mi ni. Òjò kò tíì dé." Ó tẹ̀ ẹ́.

Kò lọ. Afẹ́fẹ́ ti gbé rézò fóònù lọ, bó ṣe máa ń gbé e lọ ní Manigri.

Ibi gíga kan ṣoṣo ló wà nítòsí: òrùlé àká náà. Àkàbà àwọn obìnrin kájú fara ti ògiri rẹ̀. Souradjou wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, ojú ní dídì, fóònù láàárín eyín. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gun òrùlé tó ti jẹ́rìí sí nìyẹn.

Nígbà tó la ojú lókè, ó rí i. Etí gbogbo páànù kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ sókè, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń yọ, bí nǹkan tó ń mí. Ọmọ ilé-ìwé tó bá fara balẹ̀ á ti rí i. Ìjì ń bọ̀ lórí oko, ó ń tẹ igi ba. Souradjou dùbúlẹ̀ lórí ikùn, ó na apá sókè, ó sì ń wo ohun kékeré tó ń yí lójú fóònù. Ó ń yí. Ó ń yí. Ẹ̀kán òjò kan ṣì wà lójú ọ̀run tí kò tíì bọ́.

Ó lọ.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ gbá àkàbà ṣubú. Páànù kan ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi sì rọ́ gba ibẹ̀ sórí àwọn àpò. Ó gbọ́ igbe àwọn obìnrin nísàlẹ̀. Ó la ẹnu láti ké pè wọ́n pé kí wọ́n sá jáde. Ọ̀fun rẹ̀ là, kò sí ohùn.

Al-Amin wà lójú títì, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan. Ó ti wá wòran. Ó rí ọkùnrin tó dì mọ́ òrùlé bí alángbá, tí ẹnu rẹ̀ là gbàgà, tí nǹkan kan kò jáde níbẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́. Kò tilẹ̀ dúró kí òjò dá. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó kọ ojú sí Bassila.

*

Omi ń ro tótó lára Al-Amin nígbà tó wọ bùró Bassirath. Bàtà funfun ti di pupa.

"Màdámù, mo wá fi ọ̀rọ̀ kan tó yín létí nítorí òtítọ́. Àká Manigri ti kún fún omi. Souradjou mọ̀, ó sì dákẹ́. Kò yẹ kí asiransi san nǹkan kan."

"Ó kọ̀wé sí mi kí òjò tó dé." Bassirath yí fóònù rẹ̀ sí i. "Ẹ wò ó."

Al-Amin kà á. Ó tún un kà. "Ọwọ́," ni ó wí jẹ́jẹ́.

"Kí lẹ wí?"

"Àṣìṣe rẹ̀ náà ni! Ẹni tó mọ iṣẹ́, báwo ni kò ṣe ní rí i pé etí páànù kọjú sí ìlà-oòrùn?"

Bassirath gbé orí sókè. "Souradjou kò kọ ìyẹn. Láti ìsàlẹ̀, ènìyàn kò lè rí i. Ta ló sọ fún yín?"

Al-Amin la ẹnu láti purọ́. Ó ti to irọ́ náà sílẹ̀, ó dára, ó kúrú. Ohun mìíràn ni ó jáde.

"Èmi ni mo sọ fún ẹni tó kan án pé kó yí i. Mo fún un ní fóònù àtijọ́ mi. Ó ti fọ́ lójú." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ gba àárín ìka rẹ̀ jáde. "Lẹ́yìn náà mo lọ sí Alédjo. Òbúkọ kan ni mo mú lọ. Yáyà ní kí n mú méjì, mo ṣahun. Mo ti ṣe irú èyí rí, lórí ilé olùkọ́ kan..."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó tì í sókè. Eyín gé e ní ahọ́n. Ẹ̀jẹ̀ dúdú yọ, ohùn náà kò sì dúró. Ojú rẹ̀ ń bẹ Bassirath bí ojú ẹran.

Bassirath kò bẹ̀rù. Ó tẹ fóònù rẹ̀ kó máa gba ohùn náà sílẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó sì fa àwo iṣu rẹ̀ sẹ́yìn kí itọ́ má baà bọ́ sí i.

"Ẹ máa bá a lọ, Mìsíé," ni ó wí. "Ilé olùkọ́ wo?"

*

Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin Manigri tẹ́ kájú wọn sínú oòrùn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wú, ó ti ń rùn. Wọ́n ti fi àkàbà sọ Souradjou kalẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe lókè.

Bassirath dé pẹ̀lú bàtà rọ́bà. Ó yí àká náà ká, ó gun òkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀.

"Asiransi á san án," ni ó wí fún Lamatou. "Gbogbo rẹ̀. Àwa fúnra wa la máa dojú kọ Al-Amin. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ní Bassila. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́, kí wọ́n lè sùn."

Àwọn obìnrin hó. Ẹnìkan jókòó sílẹ̀ lórí àpò tútù, ó ń sunkún.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin," ni Bassirath wí, ó yí sí Souradjou, "ẹ wá iṣẹ́ mìíràn. A ò lè máa gbé ẹrù ẹni tó ń wo òrùlé láti abẹ́ igi."

Òjò àkọ́kọ́ ti dá. Ohun kan já ní ọ̀fun Souradjou, fẹ́ẹ́rẹ́, bí òwú. Ẹnu rẹ̀ là.

"Tántí," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì mọ́, ó dùn, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti há láti ọjọ́ yìí ń tò bọ̀. "Tántí Lamatou, ẹ̀yin ìyá mi, ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí àká yìí ni pé, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀ náà..."

"Dákẹ́," ni Lamatou wí. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. "Gbé àpò."